Ilé Tó Wà Lẹ́bàá Fèrèsé

Kò. Kò. Kò.

Ìró tó kọ́kọ́ wọ obìnrin yìí létí láyé, tí kò sì tíì jáde títí di òní, ni ìró rúlà onígi lórí tábìlì onígi. Bàbá rẹ̀ ló ń lu rúlà náà nínú pálọ̀ ilé wọn, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti máa ń wá kọ́ èdè òkèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bàbá á béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ tó kàn á dákẹ́. Rúlà á bẹ̀rẹ̀, kì í yára, kì í falẹ̀, bí omi òjò tó ń kán sínú garawa láti ibi tí òrùlé ti ń jò, títí ọmọ náà á fi dáhùn tàbí tí á fi bú sẹ́kún. Bàbá kì í na ẹnikẹ́ni. Kò sí ọmọ tó lè jẹ́rìí pé rúlà yẹn kan òun lára rí.

Ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí obìnrin náà ní, níbi tí ojú kò tó. Ẹ̀gbọ́n yìí, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ló jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ kan tí ìdáhùn kan ṣoṣo kọ̀ tí kò wá. Rúlà ń lọ. Òun, ọmọ kékeré tó ń fi ìdérí ìgò ṣeré lábẹ́ tábìlì, ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n, ó sì nawọ́ di ìka ẹsẹ̀ náà mú kí ó lè dúró jẹ́ẹ́. Kò dúró. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n kò fi ẹnu kan èdè náà mọ́. Ó ti di baba ọlọ́mọ báyìí. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ lórí rédíò, á dìde lọ pa á.

Orí wá gbé èdè yìí kan náà fún àbúrò, ó ní kí ó máa fi jẹun.

Olùkọ́ adelé ni. Adelé ni ẹni tí ilé-ìwé máa ń ránṣẹ́ pè kí ó wá dí àlàfo: olùkọ́ kan bímọ, òmíràn ń ṣàìsàn, òmíràn bínú lọ, wọ́n á ní kí adelé bá wọn mú kíláàsì dání ná. Ó ti mú kíláàsì dání fún ọ̀pọ̀ èèyàn débi pé àwọn tó bá lẹ́nu iṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó fi iṣẹ́ hàn sì ti ń rán an níṣẹ́. Ní ilé-ìwé ìrọ̀lẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà yìí, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń dá olùkọ́ gidi mọ̀. Olùkọ́ gidi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tirẹ̀, á fi okùn so ó kọ́rùn, á máa dún ṣinrinṣinrin bó bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adelé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì léjìká, ìwé láyà, títí ẹni tó ń tọ́jú ilé-ìwé á fi rántí pé ó wà níbẹ̀.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo wọn ń pe ẹni tó ń tọ́jú ilé-ìwé náà. Òun náà ló sọ obìnrin yìí ní Tíṣà Ẹnu-Ọ̀nà, orúkọ náà sì ràn bí iná inú koríko gbígbẹ.

“Tíṣà Ẹnu-Ọ̀nà, ẹ kú ìdúró o!”

“Ìdúró kì í pa èèyàn, Bàbá.”

“Òótọ́ ni. Ìjókòó ló ń pa á. Ẹ ò rí ẹ̀yìn mi bó ṣe tẹ̀?” Á wá máa wá kọ́kọ́rọ́ yàrá náà láàárín ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wà nídìí rẹ̀, á ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tú aṣọ lójú egbò.

Lọ́dún yìí, olùkọ́ tó ni yàrá náà fẹ̀yìn tì, àyè rẹ̀ sì ṣófo. Píríńsípà pe adelé sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin gíga ni, kì í jókòó bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ọrùn sì máa ń ro àlejò rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.

“Alábẹ̀wò ń bọ̀ láti olú iléeṣẹ́,” ni ó wí. “Ó máa jókòó sí kíláàsì yín. Tó bá fọwọ́ sí i, kọ́kọ́rọ́ di tiyín. Tí kò bá fọwọ́ sí i, ẹ máa wà bí ẹ ṣe wà.”

“Ẹ ṣé, sà.”

“Ohun kan ṣoṣo ló máa wò. Ẹ mọ̀ ọ́n.”

Ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sókè ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan: ÈDÈ ILÉ KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ. Láti ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìloro títí tí á fi jáde, èdè òkèèrè nìkan ni kí òun àti olùkọ́ sọ. Ẹ̀kọ́ gírámà pàápàá, inú èdè náà ni kí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀. Píríńsípà gba òfin yìí gbọ́ bí ẹni gba ẹ̀sìn. “Ẹni tó fẹ́ mọ̀wẹ̀,” ni ó máa ń wí, “kì í dúró sétí odò kó máa bi omi léèrè ọ̀nà.”

Adelé dúpẹ́, ó jáde. Kò tíì dé àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti ń yára rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nítorí pé nínú yàrá tí wọ́n fẹ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yẹn, èdè ilé ti wọlé tipẹ́, ó sì ti ní ibùjókòó.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tó kọ́kọ́ gba kíláàsì náà, ó pa òfin mọ́. Ó ń sọ èdè òkèèrè nìkan, ó ń fi ọwọ́ júwe, ó ń fò, ó ń ṣe bí adìyẹ, ó ń ṣe bí ọkọ̀, àwọn àgbàlagbà tó jókòó síwájú rẹ̀ sì ń wò ó bí ẹni ń wo ẹni tí ìjàlọ kó sí láṣọ. Ohun tó ṣeé fi ọwọ́ júwe yé wọn. Gírámà kò ṣeé fi ọwọ́ júwe. Bó bá dé ibẹ̀, ojú wọn á kú bí àtùpà tí epo tán nínú rẹ̀.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ mú un lọ́kàn. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ilẹ̀kùn ló ń kàn, èérún igi kì í sì í tán nínú irun apá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lókè òkun, ó ti bí ọmọkùnrin kan níbẹ̀, ọmọ náà kò sì gbọ́ èdè mìíràn ju ti ibẹ̀ lọ.

“Wọ́n á gbé fóònù sí mi létí,” ni káfíńtà sọ fún un lọ́jọ́ kan ní ìta, níbi tí òfin kò dé. “Á máa sọ̀rọ̀, á máa sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ yá bí ti ìyá rẹ̀ ní kékeré. Èmi á máa rẹ́rìn-ín. Tíṣà, ẹ̀rín nìkan ni mo ní fún un. Bó bá yá, ọmọ yẹn á rò pé wèrè ni mí.”

Lọ́jọ́ kejì, adelé fi ṣọ́ọ̀kì fa òbíríkítí kan sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé tí ìkọ́ rẹ̀ kán, èyí tí atẹ́gùn máa ń gbá ṣí gbá pa. Kò tóbi ju ibi tí ẹsẹ̀ méjì lè dúró sí lọ.

“Ilé nìyí,” ni ó wí. “Ẹni tó bá wà nínú Ilé lè sọ èdè ilé. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́, á jáde, á sì sọ ọ́ ní èdè òkèèrè kó tó lọ jókòó. Ẹ má pẹ́ nílé o. Ilé dùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ń dúró dè wá.”

Ó di ọ̀nà iṣẹ́ wọn. Bí gírámà bá ta kókó, òun fúnra rẹ̀ á rìn lọ sí Ilé, á tú u ní gbólóhùn díẹ̀, á jáde. Dírẹ́bà ọkọ̀ ẹrù kan wà láàárín wọn tí kò lè jókòó kó má dá èèyàn lẹ́rìn-ín. Òun á nawọ́ sókè: “Tíṣà, ẹ jẹ́ n sáré délé, wọ́n ń pè mí.” Onídìrí tó jókòó tì í á ní, “Ẹ má gbà fún un o. Bí èyí bá délé, ìkòkò ló máa kọ́kọ́ ṣí.” Èdè òkèèrè ni wọ́n fi ń bú ara wọn báyìí, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí kíláàsì bá fi máa parí, ẹsẹ̀ á ti pa ìdajì òbíríkítí náà rẹ́. Adelé á tún un fà kó tó máa lọ.

Ṣùgbọ́n alábẹ̀wò ń bọ̀, ìbẹ̀rù sì mú un. Ó ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó kọ ìbéèrè sára pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì pín ìdáhùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe jókòó, láti ẹnu ọ̀nà lọ dé fèrèsé. Nọ́ọ̀sì kan tó ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ lókè òkun ló ṣáájú. Òun ló ni ìbéèrè àkọ́kọ́, nípa iṣẹ́. Onídìrí tẹ̀ lé e, ó ni ti ọmọ. Dírẹ́bà ni ti ọkọ̀. Káfíńtà ni ti ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn. Kálukú kọ́ tirẹ̀ sórí. Ó ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dáhùn. Ó ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dáhùn, títí ìdáhùn fi ń bọ́ lẹ́nu wọn bí àgbàdo tó ń bọ́ lára ṣùkù. Wọn kò lọ sí Ilé mọ́. Ó gbé garawa ìdọ̀tí lé òbíríkítí náà lórí.

“Tíṣà,” ni káfíńtà wí bí wọ́n ṣe ń jáde, “ẹ̀yin lẹ máa bi mí nípa ọ̀la, àbí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ọmọ-ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ohun tí òun náà máa bi mí nìyẹn?”

Adelé ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀, kó tó rántí pé kò ní kọ́kọ́rọ́.

Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gbé yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orúnkún kì í jẹ́ kí ìyá sọ̀kalẹ̀ mọ́, nítorí náà ìròyìn ló ń gùn wá bá a. Nígbà tí ọmọ wọlé, ìyá ti gbọ́.

“Ọ̀la ni, àbí?”

“Ọ̀la ni, Màámi.”

“Ọdún wo lo máa dẹ́kun dídúró lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́nà? Bàbá rẹ kò dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni rí.”

“Bàbá mi kò dúró lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Àwọn ọmọ tó fẹ́ wọlé bá wọn ni wọ́n máa ń dúró, ẹ̀rù ń bà wọ́n.”

“Wo ẹnu ẹ. Ẹnu yẹn kọ́ ló máa gba kọ́kọ́rọ́ fún ẹ.” Ìyá fi ọwọ́ wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fa rúlà onígi náà jáde, ó ti dúdú létí, ìlà orí rẹ̀ ti parẹ́. “Gbà. Mú un lọ. Kí wọ́n rí i pé ọmọ tíṣà ni ẹ́.”

Ó fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ti ń fi etí ìró nu rúlà náà, ó ń nù ún bí ẹni nu ojú ọmọ. Ó gbà á, ó fi sínú báàgì.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti ṣílẹ̀kùn kó tó dé. “Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá yín lẹ́nu ọ̀nà,” ni ó wí, kò sì fi ẹ̀fẹ̀ kankan tì í. Èyí já a láyà ju ohunkóhun lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé pẹ̀lú aṣọ tí wọn kì í wọ̀ wá sí kíláàsì. Káfíńtà ti gbọn èérún igi kúrò lápá. Dírẹ́bà ló dé kẹ́yìn, ó rọra sọ sí i létí.

“Tíṣà, onídìrí kò ní lè wá o. Ó ní orí oníbàárà kan wà lọ́wọ́ òun. Apá kan ti dì tán, apá kan ṣì ń fò. Ó ní bí òun bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ló máa mú òun.”

Adelé wo àga tó ṣófo láàárín nọ́ọ̀sì àti dírẹ́bà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà Píríńsípà ti ń dún bọ̀. Àga òfìfo níwájú àlejò! Olùkọ́ wo ló lè rí i kó má ṣe nǹkan kan? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́.

“Ẹ sún mọ́ra. Ẹ sún mọ́ra, kíákíá.”

Dírẹ́bà sún sórí àga onídìrí, káfíńtà sún sórí ti dírẹ́bà, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé wọn. Ìlà náà gún régé, kò sí àlàfo. Ó mí sínú, ó mí síta. Kò wá sí i lọ́kàn pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fa gbogbo ìdáhùn kúrò nídìí ìbéèrè wọn ni.

Alábẹ̀wò kò jọ ohun tó ń bẹ̀rù. Obìnrin kúkurú kan ni, bàtà rẹ̀ kì í dún, ó sì kí gbogbo wọn pátá kó tó lọ jókòó sẹ́yìn. Píríńsípà kò jókòó. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká apá mọ́ àyà.

Adelé yọ rúlà bàbá rẹ̀, ó fi kan ìbéèrè àkọ́kọ́. Láti ibí yìí lọ, èdè òkèèrè ni gbogbo wọn ń sọ.

“Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

Nọ́ọ̀sì dìde. “Nọ́ọ̀sì ni mí. Mò ń tọ́jú àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn.”

Ó já gaara. Píríńsípà mi orí sí alábẹ̀wò. Rúlà sọ̀kalẹ̀.

“Ọmọ mélòó lẹ bí?”

Dírẹ́bà nà ró ṣánṣán bí ṣọ́jà. Ìdáhùn tó ti ń há sórí láti ọjọ́ yìí wá já jáde kí ọpọlọ rẹ̀ tó dá sí i. “Ọ̀kan bàjẹ́ lánàá lójú ọ̀nà. Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo sì tún un ṣe.”

Ẹnì kan kó ẹ̀rín sẹ́nu, ó sọ ọ́ di ikọ́. Dírẹ́bà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rí i pé àga onídìrí ló wà lábẹ́ òun. Ó rọra jókòó bí ẹni tó fẹ́ jókòó lé ẹyin.

Ọwọ́ adelé ti dé orí ìbéèrè kẹta. Ọwọ́ tí èèyàn bá ti kọ́ lọ́nà kan kì í dúró gba ìmọ̀ràn.

“Báwo ni ọkọ̀ yín?”

Káfíńtà dìde. Kò ní ọkọ̀. Ìdáhùn tó kọ́ sórí ni pé lọ́la òun máa kan ilẹ̀kùn tuntun méjì. Ó wo pátákó, ó kà á, ó yé e; ó sì mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́nu òun kọ́ ni wọ́n béèrè. Dírẹ́bà lè sọ ohunkóhun tó bá bọ́ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n káfíńtà yìí kò gbé ilẹ̀kùn sínú férémù tí kò bá a mu rí láyé rẹ̀. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó wo apá ọ̀dọ̀ fèrèsé, níbi tí garawa ìdọ̀tí wà.

Kò. Kò. Kò.

Adelé gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ rò pé fèrèsé ni. Ó wo fèrèsé. Fèrèsé dúró jẹ́ẹ́. Ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Rúlà ń lu pátákó lábẹ́ ìbéèrè kẹta, kì í yára, kì í falẹ̀, ọwọ́ tirẹ̀ ló sì dì í mú. Lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ ṣòkòtò káfíńtà ń gbọ̀n.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Bó bá fa rúlà sọ̀kalẹ̀ ní ìlà kan péré, ìbéèrè nípa ọ̀la á bọ́ síwájú káfíńtà, káfíńtà á dáhùn, ẹni tó tẹ̀ lé e á dáhùn, ohun gbogbo á tún gún. Alábẹ̀wò á rò pé dírẹ́bà nìkan ló ṣìnà. Á fọwọ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́rùn rẹ̀. Màámi á sinmi. Ìlà kan péré, ibi tí àtàǹpàkò lè bò.

Ó gbé rúlà sórí tábìlì. Ó rìn lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, ó fi ẹsẹ̀ ti garawa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dúró sínú òbíríkítí náà.

“Bàbá,” ni ó wí, ní èdè ilé, “ẹ má bínú. Ẹ̀bi yín kọ́. Èmi ni mo ní kí ẹ sún, èmi náà ni mo pín ọ̀rọ̀ fún yín bí ẹni ń pín aṣọ. Ẹ fi ohun tó wà lára pátákó sílẹ̀. Kí ni ẹ̀yin fẹ́ sọ?”

“Tíṣà!” Píríńsípà ti kúrò lára ògiri.

“Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀,” ni alábẹ̀wò wí. Kò sí ìkanra nínú ohùn rẹ̀, kò sì sí àánú.

Adelé jáde kúrò nínú Ilé kí àyè lè gba ẹlòmíràn. Káfíńtà rìn wá, ó wo ilẹ̀, ó to ẹsẹ̀ méjèèjì sínú òbíríkítí náà dáadáa, ó sì kó ọ̀rọ̀ dà sílẹ̀ bí ẹni tí omi ti kún ẹnu rẹ̀ tipẹ́. Báwo ni òun ṣe máa sọ fún ọmọdé pé òun ni bàbá ìyá rẹ̀? Báwo ni òun ṣe máa ṣèlérí nǹkan fún un, kó sì dá ọmọ náà lójú pé ìlérí ni, pé kì í ṣe ohun tó ti kọjá? Adelé dá a lóhùn ní èdè ilé, ní gbólóhùn díẹ̀. Ó fi ìka sáré kọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́. Káfíńtà mi orí pé ó yé òun, ó ń kà á lábẹ́ ètè. Ó gbé ẹsẹ̀ kan jáde, ó gbé èkejì. Ó dúró ní àárín yàrá, ó gbé ọwọ́ sétí bí ẹni tó mú fóònù.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, ní èdè òkèèrè. Ó dúró pẹ́. Kò sí rúlà tó dún. “Bàbá ìyá rẹ ni mí. Ilẹ̀kùn ni mò ń kàn. Mo máa kan ọ̀kan fún ọ. Ó máa... ó máa kéré. Ìwọ nìkan ló máa lè gba ibẹ̀ wọlé.”

Ohùn rẹ̀ wọ́ níbì kan, ó sì tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó bọ́ sójú ọ̀nà. Nígbà tó parí, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́ níbẹ̀.

Dírẹ́bà kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó fò dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tún tèmi sọ.” Èdè òkèèrè ló fi sọ ọ́, kò sì dé Ilé rárá. “Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Kò sí èyí tó bàjẹ́.”

Yàrá náà fò sókè fún ẹ̀rín. Alábẹ̀wò pàápàá tẹ orí ba, èjìká rẹ̀ ń mì. Píríńsípà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Adelé náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú Píríńsípà.

Lẹ́yìn tí kíláàsì parí, wọ́n pè é sí ọ́fíìsì. Alábẹ̀wò ló jókòó sórí àga Píríńsípà, Píríńsípà sì dúró sídìí fèrèsé.

“Ṣé ojoojúmọ́ lẹ máa ń dúró sínú òbíríkítí yẹn?” ni alábẹ̀wò bi í.

“Ojoojúmọ́, mà.”

“Àwọn ìbéèrè tó wà lára pátákó ńkọ́?”

“Ìyẹn, mà... ìyẹn, nítorí tiyín ni.”

“Mo fura.” Ó fi ìka lu orí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dáwọ́ dúró. “Ohun tẹ́ ẹ ṣe nítorí tiwa yẹn ni mi ò fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo rí. Ohun tí bàbá yẹn sọ, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, olùkọ́. Nọ́ọ̀sì yẹn máa dé ilé ìwòsàn ibẹ̀, aláìsàn á máa kérora, kò sì ní sí ẹni tó máa fa òbíríkítí sílẹ̀ fún un. Ṣé wọ́n lè rìn jìnnà sí ibẹ̀ yẹn, àbí wọ́n kàn ń yí i po? Mi ò mọ̀. Ohun tí mo rí lónìí kò tó fún mi láti mọ̀.”

“Ẹ lè padà wá wò ó, mà. Ọjọ́ tí ẹ kò bá sọ fún wa.”

“Lọ́dún tó ń bọ̀, tí àyè náà bá ṣì ṣófo. Lónìí, mi ò lè fọwọ́ sí i.”

Ó ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbé rúlà sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó dé, ó wọ̀ ọ́ lára bí omi tútù. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà.”

“Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn mọ́ ara yín,” ni Píríńsípà wí láti ìdí fèrèsé. Ó jọ pé ó dùn ún. Bóyá ó dùn ún lóòótọ́. “Ṣọ́ọ̀kì yẹn gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó lọ sílé.”

“Á kúrò, sà.”

Nígbà tó padà sí yàrá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo àgbékọ́ ilẹ̀kùn.

“Ṣé ká máa kí yín kú oríire?”

“Ẹ ṣì máa máa kí mi kú ìdúró, Bàbá.”

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ yí ìdì kọ́kọ́rọ́ náà po lọ́wọ́. “Ẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Mò ń lọ ti ilẹ̀kùn apá ọ̀hún ná. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, màá máa tètè dé ṣílẹ̀kùn fún yín.” Ìró kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì lọ sókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí kò fi dún mọ́.

Adelé ronú ohun tó máa sọ fún Màámi. Ó mú dọ́sítà, ó nu ìbéèrè àkọ́kọ́, ó nu ìkejì, ó nu ìkẹta, ó nu gbogbo wọn dé ìsàlẹ̀, títí pátákó fi dúdú kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ pọn omi wá nínú garawa kékeré, ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé.

Ṣọ́ọ̀kì tètè kúrò. Ohun tí kò kúrò ni ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó fi àkísà fọ̀ ọ́ gidi, ó ń yí ọwọ́ bí ibẹ̀ ṣe rí, yípo yípo. Nígbà tó dìde tó sì wò ó, kò sí ṣọ́ọ̀kì kankan nílẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láàárín sìmẹ́ǹtì tó ti ṣú fún ẹsẹ̀ èèyàn láti ọdún pípẹ́, ojú kan mọ́ roboto, ó funfun ju gbogbo ibi tó kù lọ. Bó bá fẹ́ kí ó má hàn mọ́, àfi kó fọ gbogbo yàrá náà láti ògiri dé ògiri.

Ó wo garawa. Omi inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Atẹ́gùn gbá fèrèsé, ó sì tún gbá a. Ó mú rúlà bàbá rẹ̀ lórí tábìlì, ó tì í bọ ibi tí ìkọ́ ti kán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlé títí ó fi há dáadáa. Fèrèsé dákẹ́. Ó fún àkísà náà gbẹ, ó tẹ́ ẹ sí etí fèrèsé, ó sì da omi tó kù nù.